Ìgúnpá Tó Fẹ́ Lé Mi Kúrò Nídìí Agbada Gàrí

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ òsì gbé ife tíì nítorí pé ọ̀tún kò gbà mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fún aṣọ lẹ́yìn ìfọ̀ tí omijé ń bọ́ lójú yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti wà níbẹ̀ rí, mi ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí tèmi ń ṣe mí, kò sí ẹni tó là á yé mi. Bí mo bá rí ẹni là á yé mi ni, mi ò bá tí jẹ ìdajì ìyà tí mo jẹ.

Rábíátù ni orúkọ mi. Ìyá Súlè ni wọ́n ń pè mí ní Agbamu, níbi tí wọ́n bí mi sí, tí mo sì lọ́kọ sí. Gàrí ni mò ń yan. Kì í ṣe gàrí jíjẹ inú ilé ni mò ń wí o, gàrí ọjà ni, èyí tí àwọn oníbàárà ń wá kó láti Ìlọrin. Bí ẹ bá dé Agbamu tí ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù lórí agbada, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa dá. Ojú ń tì mí láti dá a fúnra mi.

Àáró là ń ṣe. Àwa obìnrin bíi mélòó kan la kó ara wa jọ. Lónìí, gbogbo wa á yan gàrí tèmi. Ọjọ́ mìíràn, ti ẹlòmíràn, títí tí yóò fi kárí, a ó sì tún padà bẹ̀rẹ̀. A kì í san owó fún ara wa, ọwọ́ rẹ ni o máa fi san án. Ẹni tí kò bá wá sí ti ẹnìkejì, kó má wulẹ̀ retí ẹnikẹ́ni nígbà tó bá kan òun. Ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti lọ̀, tí a ti fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, kò mọ̀ pé ara ẹnì kan kò yá. Bí o kò bá yan án lásìkò, á bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Àwẹ́ igbá la fi ń yan án. O ó dì í mú gírígírí, o ó fi tẹ gàrí mọ́ ojú agbada, o ó gbọ́n ọn sókè, o ó tún tẹ̀ ẹ́, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ yẹn kì í sinmi, torí gàrí tí ọwọ́ bá fi sílẹ̀, iná ló máa bá a ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọbi ara sí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo kàn rí i pé ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá ọ̀tún mi, níbi eegun kékeré tó yọrí yẹn, ń ta mí tí mo bá ti kúrò nídìí iná. Tí mo bá sùn tí ilẹ̀ mọ́, á ti lọ. Mo ní àárẹ̀ ni, ta ni kì í rẹ̀? Nígbà tó yá, ilẹ̀ á mọ́, kò ní lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti ìgúnpá wá sí apá, títí dé ọrùn ọwọ́. Bí mo bá ń yí kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn, á dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi. Bí mo bá gbé kẹ́tù, màá tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Ìwọ̀sí gbáà ni, kí obìnrin tó ń gbé àpò gàrí máa bẹ̀rù kẹ́tù.

Ọjọ́ tí ọkọ mi mọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mo gbé fún un. Bí mo ṣe nawọ́ abọ́ sí i, ọwọ́ mi tú, abọ́ já bọ́, gbogbo ọbẹ̀ sì dà sórí ẹní tuntun. Bàbá Súlè wò mí, ó tún wo ọbẹ̀.

“Ìyá Súlè, ṣé ìjà là ń jà ni?”

“Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni.”

“Ọwọ́ wo?”

“Ọwọ́ tó ń dáná fún yín láti ọjọ́ yìí náà ni. Kò gbé nǹkan mọ́.”

Kò bá mi bínú. Ó fà mí jókòó, ó fọwọ́ kan ibẹ̀, mo sì ta gìrì. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, torí mo rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Wálé, tó ń tajà ní Ṣàrẹ́, ni mo ṣèèṣì sọ ọ́ fún lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé pẹ̀lú báàgì. Ẹ̀gbọ́n mi kì í béèrè ọ̀rọ̀, àṣẹ ló ń pa.

“Na ọwọ́.”

Mo na ọwọ́.

“Atẹ́gùn ni.”

Àyẹ̀wò parí nìyẹn. Ó yọ òrí, ó yọ ìpara tó ń ta ni, ó yọ ìgò oògùn pupa kan tó ní ọ̀dọ̀ obìnrin Tápà kan lòun ti rà á. Ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí iná, ó wá ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó ń dùn mí gan-an. Mo kígbe.

“Máa kígbe, ó ń jáde ni.”

“Kí ló ń jáde, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Atẹ́gùn náà!”

Wàláì, kò sí atẹ́gùn kankan tó jáde. Ẹ̀mí mi ló fẹ́ jáde. Nígbà tó máa fi padà sí Ṣàrẹ́, ibẹ̀ ti wú, ó sì gbóná. Ìfẹ́ ló fi ṣe é o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan rẹ̀ ń ro, tí a tún wá ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun, ẹ bá mi rò ó wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ilé ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Mi ò ní bú bàbá náà. Bí eegun bá ṣẹ́, mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n eegun tèmi kò ṣẹ́. Ó ní ó yẹ̀, ó sì fà á. Nígbà tó fi máa fà á tán, mi ò lè ká ọwọ́ náà débi tí màá fi òkèlè sẹ́nu. Ìyá ọkọ mi wá ní kò sí ohun méjì mọ́, ká sín gbẹ́rẹ́ sí i, ayé ló fọwọ́ kàn mí.

“Màmá, abẹ wo lẹ fẹ́ fi sín in?”

“Abẹ ilé náà ni. Òun la fi ń sín fún gbogbo ọmọ.”

“Màmá, ẹ dákun, abẹ tó ti kan ara gbogbo ọmọ kò ní kàn mí lára.”

Wọ́n bínú. Wọ́n ní ẹnu mi ló máa pa mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ló ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Àfáà àdúgbò wa fún mi ní hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, mo sì mu ún, torí àdúrà kì í ṣe nǹkan tí mo fi ń ṣeré. Bí mo ṣe gbé ife sílẹ̀ ni Àfáà fúnra rẹ̀ sọ pé, “Ìyá Súlè, èyí tí ó kù, ọsibítù ni o.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n ọjọ́ àáró ti Bọ́sẹ̀ ti sún mọ́.

Bọ́sẹ̀ jẹ́ ìyàwó ilé kejì sí wa, ọ̀dọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bíi tèmi. Ó ti wá sí tèmi, kò sì fi iṣẹ́ ṣeré. Báwo ni màá ṣe ní mi ò ní lọ sí tirẹ̀? Mo lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn, mo ní kó bá mi wá nǹkan tó máa jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrora ti pòórá pátápátá. Mo lọ jókòó sídìí agbada tó tóbi jù, mo sì yan gàrí lọ́jọ́ náà bí ọmọge.

“Ìyá Súlè, ta ló ní ẹ̀ ń ṣàìsàn?” Bọ́sẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí o. Abẹ́rẹ́ yẹn kò wo ọwọ́ mi sàn. Ó kàn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu ni kó má baà kígbe. Iṣan tó ń fà ya ń fà ya lọ, èmi kò gbọ́, mò ń yan gàrí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tán lára mi, ìka mi kò lè mú ṣíbí. Ìrora tí mo ti ń rí tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Kì í ṣe ìrora nìkan ni mo sunkún fún. Àwọn kan ti ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ lára mi. Èyí tó sì bà mí lẹ́rù jù ni àáró. Bí mo bá jáde nínú rẹ̀, ta ló máa bá mi yan ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn? Èmi nìkan kò lè yan án, mi ò sì lágbára àti gba alágbàṣe. Ọwọ́ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo fẹ́ fi dàgbà láì tọrọ jẹ. Obìnrin tí kò lè yan gàrí mọ́ ní àdúgbò wa, wọ́n á máa kí i pẹ̀lẹ́, àmọ́ wọn ò ní pè é mọ́.

Ni mo bá lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Lórí ọ̀kadà, gbogbo kòtò ọ̀nà ló ń bá ìgúnpá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo máa fi dé ọsibítù ìjọba, àwọn èèyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn dúró. Ẹ mú nǹkan jíjẹ dání tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì mú sùúrù dání. Bíríkìlà kan láti Èsìẹ́ ló jókòó tì mí. Bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì pa ọ̀tún mọ́ra ni mo ti mọ̀.

“Ìgúnpá?” Mo bi í.

“Ìgúnpá ni, mà. Mi ò lè di ṣọ́bìrì mú mọ́. Mo rò pé èmi nìkan ni.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.”

Ẹ ò mọ bí ara ṣe tù mí tó. A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pa wá lára. Òun, wọ́n ti fi ewé ìtàkùn kan dì í lọ́wọ́ tí ara rẹ̀ fi bó. A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní ká rọra.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kí n tẹ ọrùn ọwọ́ sókè kí òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo fò sókè. Ó ní òun ti rí i, kò sì ní kí n lọ ya fọ́tò eegun kankan. Ó ní kí n lọ rí físíò, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ iṣan àti oríkèé bí wọ́n ṣe máa padà ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi ni mo bá níbẹ̀. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní gàrí ni mò ń yan. Ó gbé ìdérí ìkòkò kan lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ yan án kí n rí i, Màmá.”

Mo yan gàrí tí kò sí níbẹ̀. Ó ń wo ọrùn ọwọ́ mi, kò tilẹ̀ wo ìgúnpá.

“Ẹ wò ó, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ ọwọ́ yẹn sẹ́yìn, iṣan tó so mọ́ eegun ìgúnpá yín ló ń fà. Ẹ ti fà á ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ ò sì fún un láyè kó tún ara rẹ̀ ṣe.”

“Ṣé kì í ṣe rọpárọsẹ̀?”

“Rárá o, Màmá.”

“Ṣé màá tún yan gàrí?”

“Ẹ máa yan gàrí. Àmọ́ kì í ṣe lọ́la, kì í sì í ṣe bí ẹ ṣe ń yan án tẹ́lẹ̀.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo gbàgbé pé mo wà níwájú àlejò, mo tú gèlè mi, mo fi nu ojú.

Ohun tó kọ́ mi kò le. Àkọ́kọ́, kí n má ṣe dá ọwọ́ náà dúró pátá, torí iṣan tí kò bá ṣe nǹkan kan á tún dẹ sí i. Kí n kàn yàgò fún ohun tó ń mú un ta gidi. Bí mo bá fẹ́ gbé nǹkan, kí àtẹ́lẹwọ́ mi máa kọjú sókè, kí ẹrù náà sì sún mọ́ ara mi. Ó ní kí n wá ìgò oníke, kí n rọ yanrìn díẹ̀ sí i. Màá gbé apá lé orí tábìlì, kí ọwọ́ mi yọ síta létí rẹ̀, kí n di ìgò náà mú. Ọwọ́ òsì ni màá fi bá a gbé e sókè, ọ̀tún á wá máa sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Bó bá dùn mí díẹ̀, kò burú. Bí ìrora náà bá bá mi jí lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣe àṣejù nìyẹn, kí n dín yanrìn kù. Ó fún mi ní ọ̀já kan tí màá máa so sí ìsàlẹ̀ ìgúnpá nígbà iṣẹ́, ó sì ní kí n má gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́ nítorí kí n lè lọ ṣiṣẹ́. Ó ní ó máa gbà mí lóṣù púpọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Èyí tó sọ kẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ máa fi òsì náà yan. Kí ọ̀tún ṣe díẹ̀, kí òsì gbà á.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ṣé ìwọ kì í ṣe ará ibí ni? Oúnjẹ àwọn èèyàn ni kí n máa fi ọwọ́ òsì rò?”

“Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, mà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé ẹ máa fi bù ú sẹ́nu wọn.”

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún wá láti Ṣàrẹ́, ó bá mi nídìí tábìlì pẹ̀lú ìgò. “Ọwọ́ ń dùn ọ́, o wá ń gbé yanrìn! Rábí, ṣé orí rẹ pé?” Ó pe ọkọ mi pé kó wá wo ìyàwó rẹ̀. Ọkọ mi ń fún aṣọ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, torí ó ti gba aṣọ fífún ṣe láti ìgbà tí mo ti Ọ̀mù-Àrán dé. Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Súlè. Ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹ máa rín in. Bí ọwọ́ bá ń ro ìyàwó tiyín, ẹ ó rí ẹni tó máa dáná fún yín.” Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ka èyí, irú oògùn tí a ń wá nìyẹn o, a kì í rí i rà lọ́jà.

Níbẹ̀rẹ̀, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mo sọ ìgò yẹn sínú igbó, mo tún lọ wá a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ṣí ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, mo ti wọlé tán kí n tó rántí pé ọ̀tún ni mo fi yí kọ́kọ́rọ́. Mo padà síta, mo tún un yí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń ṣí i, mò ń tì í, bí ẹni tí kò nílé rí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sí ìgò mi mọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì kọ́ iṣẹ́ nínú ilé. Lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì gàrí ló ń lọ sínú iná, àwọn adìẹ sì ń dúró dè mí. Ó yá, ọwọ́ òsì náà gbọ́n.

Nígbà tí mo padà sí àáró, gàrí Bọ́sẹ̀ ló tún bọ́ sí. Mo jókòó sídìí agbada kékeré, mo fi ọ̀tún yan díẹ̀, kò dùn mí. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí ni mo gbé àwẹ́ igbá sí òsì.

“Ìyá Súlè, èwo lèyí?” Bọ́sẹ̀ ti dìde. “Gàrí mi lẹ fẹ́ fi ọwọ́ òsì yan?”

“Wọ́n ní kí n máa pín in fún ọwọ́ méjèèjì ni, Bọ́sẹ̀. Àwẹ́ igbá ló kan gàrí, ọwọ́ mi kò kàn án.”

“Tí àwọn oníbàárà bá gbọ́ ńkọ́? Ta ló máa ra gàrí ọwọ́ òsì? Ẹ má bínú, ẹ sinmi nílé, a ó máa kí yín.”

A ó máa kí yín! Ọ̀rọ̀ tí mò ń sá fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn, òun ló sọ sí mi lójú. Mo dá a lóhùn pé:

“Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́.”

“Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ kọ́ là ń sọ, gàrí là ń sọ!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní òótọ́ ni Bọ́sẹ̀ sọ, kò dáa kí wọ́n ba àáró wa jẹ́. Mo sọ igbá kalẹ̀. Mo ti fẹ́ dìde, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dìde, mi ò ní padà wá mọ́. Màmá Ràmátù, olórí àáró wa, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àgbà obìnrin ni, ó ti pẹ́ tí kì í yan gàrí mọ́. Ó máa ń jókòó sábẹ́ igi, á máa jọ̀ ẹ̀gẹ́, á máa pàṣẹ. Ó wá dìde, ó rìn wá sáàárín wa, ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè.

“Ẹ wò mí.”

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò nà tán. Ó dúró ní ìdajì ọ̀nà.

“Gbogbo yín rò pé ọjọ́ orí ló lé mi kúrò nídìí iná. Èmi náà ni mo jẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yìí ni. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ní ọwọ́ ń dun òun, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, ni mo bá dì í mọ́ra, mo gbé e pamọ́ sínú aṣọ, mo ní mo ti dàgbà. Mi ò tíì dàgbà nígbà náà. Ọjọ́ orí mi kò tó ti Rábí báyìí.”

Bọ́sẹ̀ ń wolẹ̀.

“Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé òsì lè bá ọ̀tún ṣe é, ṣé ǹ bá máa jọ̀ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi? Ẹ jẹ́ kó yan án. Ẹni tí gàrí ọwọ́ òsì bá ń rí lára, kó má jẹ ẹ́.”

Mo mú igbá. Omijé kò jẹ́ kí n rí agbada dáadáa, ṣùgbọ́n mo yan án. Nígbà tí gàrí náà jinná, Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ bù ú wò. Ó ní, “Ó gbẹ dáadáa.” Ó tún fi ẹnu mímú rẹ̀ kún un pé, “Ẹ má sọ fún ará Ìlọrin ṣá o.” A sì bú sẹ́rìn-ín.

Báyìí, ọwọ́ mi ti dá. Mi ò ní tàn yín jẹ, tí mo bá ṣe àṣejù, á rán mi létí, màá sì gbọ́. Mo ṣì ń gbé ìgò mi. Nínú àáró wa, ẹnì kan kì í jókòó sídìí agbada láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́. A ń yí i ká, ẹni tó ń yan á lọ jọ̀, ẹni tó ń jọ̀ á wá yan. Gàrí wa kò tíì jóná torí ìyẹn. Owó tí mo ná sórí ìpara àti abẹ́rẹ́, ó ju ti ọsibítù lọ, ọ̀kadà sì ni ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ti ọsibítù. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù owó mú yín jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o: bó bá jẹ́ pé ìgúnpá yín wú, tó pupa, tí ibà sì ń ṣe yín, tàbí tí ọwọ́ kú tipiri, tàbí tí àyà ń fún yín pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ro, ìyẹn kì í ṣe tèmi yìí. Ẹ pa ìwé mi tì, ẹ sáré lọ sí ọsibítù.

Lẹ́yìn ọjọ́ gàrí Bọ́sẹ̀ yẹn, Màmá Ràmátù wá bá mi nílé. Ó wọ aṣọ ìròde, ó sì mú owó ọkọ̀ rẹ̀ dání.

“Rábí, mú mi lọ sí Ọ̀mù-Àrán yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ yìí ti kọjá àtúnṣe. Bó bá ti kọjá àtúnṣe lóòótọ́, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n.”

A jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pè é. Ọmọbìnrin físíò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó nà án, ó ká a, ó tún nà án, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Kò sọ pé ó ti kọjá àtúnṣe.